Ìròyìn Ilé Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pa Rẹ́

Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ká ní inú ò bí mi ni, bóyá ǹ bá fara balẹ̀ wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ló pè mí láàárọ̀ Fúráìdé tí mo gbà láti fi sinmi, ó ní ẹnì kan ò lè wá, ṣé mo lè bá a ṣe shift rẹ̀. Mo ní rárá. Kò pẹ́, ó tún pè. Mo ní, "I said no," mo sì ju fóònù sórí àga. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Atlanta yìí, síbẹ̀ wọn ò tíì gbà pé èmi náà lè sọ pé rárá.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fi ọjọ́ ìsinmi yẹn sí. Mo fẹ́ da ohùn bàbá mi kọ láti inú háàdì díìsìkì àtijọ́ sínú tuntun. Àtijọ́ yẹn dúdú, kò tóbi ju ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nígbàkigbà tí mo bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wa tó mọ̀ nípa nǹkan báwọ̀nyí ní kí n má fi falẹ̀ rárá, pé bó bá ti ń dún báyẹn, ó ti ń kú lọ nìyẹn. Ó ní kí n ra òmíràn, kí n da gbogbo ohun tó wà nínú àtijọ́ kọ síbẹ̀ kó tó di pé ó dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ra òmíràn lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà nínú páálí rẹ̀ lórí tábìlì pálọ̀ wa ní Riverdale, tí mo ń sọ pé lọ́la, lọ́la.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà nínú díìsìkì àtijọ́ náà, kó má baà dà bí ẹni pé nítorí nǹkan yẹpẹrẹ ni mo ṣe ń dààmú.

Tíṣà ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ọjọ́ tó ti mọ̀ pé fóònù lè gba ohùn sílẹ̀ kó sì fi ránṣẹ́ ló ti sọ ara rẹ̀ di ilé iṣẹ́ rédíò. Gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí n tó lajú, ìròyìn á ti wọlé. Á kọ́kọ́ wúkọ́, á ha ọ̀fun, á wá ní: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ wa. Ìròyìn ilé nìyí." Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa o! Bẹ́ẹ̀, èmi nìkan ṣoṣo ni wọ́n bí fún un, èmi nìkan náà ló sì ń gbọ́ ọ. Á wá máa kà á lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Adìẹ ìyá yín, èyí tó ní ìrù funfun, ti pa ọmọ mẹ́sàn-án. Àwòdì ti gbé méjì nínú wọn. Ìyá yín ti ṣépè fún àwòdì náà, ṣùgbọ́n ó jọ pé kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n mú iná dé lọ́jọ́ Túsìdé, wọ́n sì mú un lọ kí omi tíì wa tó hó. Orúnkún òsì ń dùn wá, ti ọ̀tún ń kí yín. Bó bá ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, á wá fi ohùn òyìnbó rédíò parí ẹ̀: "Ibi tí ìròyìn dé dúró nìyẹn. Èmi tí mo kà á fún yín ṣì wà láàyè o."

Ọdún mẹ́rin ló fi ń ka ìròyìn yẹn, kò pa Sátidé kan jẹ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ó rẹ̀ mí, tí mo máa ń fi sílẹ̀ láìgbọ́ títí di ọjọ́ Ajé. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo gbọ́ ọ tán tí mi ò fèsì. Ẹ̀dùn ọkàn ló jẹ́ fún mi dòní.

Nígbà tó kú, a sin ín, mo padà dé, mo sì kó gbogbo ìròyìn náà, wọ́n lé ní igba, kúrò lórí fóònù mi lọ sínú díìsìkì yẹn, torí fóònù náà ti gbó, mo sì fẹ́ fi ṣe pààrọ̀. Mo ní ibi tó dájú ni mo kó wọn sí. Èyí tó wà lórí fóònù bàbá mi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí wọ́n pín ẹrù rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó kẹ́yìn ni fóònù kàn. Kí n tó rántí pe àbúrò bàbá mi náà pé kí wọ́n bá mi tọ́jú ohun tó wà nínú ẹ̀, wọ́n ti gbé e fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta pé kí wọ́n bá wọn nù ún, kó lè fúyẹ́.

Mo bú wọn. Mi ò ní purọ́. Àbúrò bàbá mi tó máa ń gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé, mo bú wọn bí ẹni bú ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi kú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin lẹ pa á lẹ́ẹ̀kejì." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò mọ̀ ni." Mo ní àìmọ̀ kọ́, àìbìkítà ni, mo sì gé fóònù mọ́ wọn létí. Ìyá mi wà lórí àga nítòsí wọn nígbà náà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò pe bàbá yẹn mọ́. Ìyá mi bẹ̀ mí títí, ó ní àgbàlagbà ni, kò mọ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀. Èmi tí mo ní díìsìkì, mo rò pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ.

Lẹ́yìn tí a ṣe ìrántí ọdún kan tán ni ìyá mi wá sọ́dọ̀ wa. Oṣù mẹ́fà ló fẹ́ lò. Àwọn ọmọ wa ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọkọ mi ń wa ọkọ̀ ẹrù fún wíàháòsì kan ní McDonough, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé, nítorí náà àwa méjèèjì la sábà máa ń wà nínú ilé. Ìyá mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó láìṣe nǹkan. Kó tó pé oṣù kan, kò sí ohun tó wà nínú ike tiwọn mọ́ nínú ilé yẹn. Ẹni tí ìyá Yorùbá bá tọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Agolo bisikíìtì: òwú àti abẹ́rẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Ìgò kọfí: irú. Ọkọ mi tibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó gbé ike ice cream láti inú fíríísà, ó mú ṣíbí, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ṣí i, gbẹ̀gìrì ló bá níbẹ̀, ó ti dì gbagidi. Ó wò mí, mo wò ó. Ìyá mi ní, "Ẹ bá mi gbé e sẹ́yìn, ó di Sunday." Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ náà débi pé mo fi orí sọlẹ̀.

Páálí tó bá dáa, ìyá mi kì í jù ú nù. Ohun tó bá níyì, inú ohun tó dáa jù ló ń gbé e sí. Bó ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí ìyá tiẹ̀ náà ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

Sátidé ni ọjọ́ rẹ̀. Á wẹ̀, á wọ bùbá tó mọ́, á wé gèlè. Á gbé tíì rẹ̀ síwájú, á jókòó kọjú sí kọ̀ǹpútà mi bí ẹni tó ń retí àlejò. Èmi á yọ díìsìkì náà láti inú dúrọ́ọ̀ abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, màá so ó mọ́ ọn, màá fi ẹyọ kan sí i. Ẹyọ kan ṣoṣo. Mo ní ká gbọ́ èkejì lọ́jọ́ kan, ó kọ̀, ó ní, "Ọ̀kan ló ń ṣe lọ́sẹ̀. Ṣé o fẹ́ kó tètè tán ni?" Á máa dá bàbá mi lóhùn bó ṣe ń kà á. Bó bá ní àwòdì gbé méjì, ìyá mi á ní, "Irọ́ ni, mẹ́ta ni." Bó bá wá dé ìparí, tó ní òun ṣì wà láàyè, ìyá mi á ní, "Ẹ ṣeun, bàbá wọn," á wá gbé tíì rẹ̀ mu. Díìsìkì yẹn, àpótí bàbá yín ló ń pè é.

Ẹ wá rí i báyìí, ohun kan ṣoṣo ló kù fún mi àti fún ìyá mi nínú ohùn ọkùnrin yẹn, òun náà sì ti ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́.

Ní Fúráìdé tí mò ń wí yìí, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ti wá gbé ìyá mi láti lọ kí ẹnì kan tó bímọ ní Covington. Òjò ń rọ̀. Mo gbé páálí tuntun síwájú, mo ṣí i. Díìsìkì wà nínú fóòmù rẹ̀, ó jókòó dáadáa, wáyà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo yọ ọ́, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin ibi iṣẹ́ wa ti kọ ọ́ sí bébà fún mi: àwọn tó ń ṣe é máa ń kó pàǹtírí tiwọn sínú ẹ̀, bí wọ́n sì ṣe tò ó lè má bá kọ̀ǹpútà mi mu, nítorí náà kí n kọ́kọ́ fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ìyẹn kí n nù ún mọ́. Kí n má wulẹ̀ ṣí i wò, kí n lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú díìsìkì, kí n mú un, kí n tẹ Erase.

Mo lọ síbẹ̀. Orúkọ tó gbé wá ni orúkọ àwọn tó ṣe é. Àtijọ́ náà, orúkọ yẹn ló ń jẹ́, torí pé ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì, àwọ̀ àti ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, mi ò sì fún àtijọ́ ní orúkọ kankan rí. Mo tẹ Erase. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú, ó ní gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló máa lọ, tí kò sì ní ṣeé dá padà. Mo pòṣé. Mo ní, "Gbogbo ohun wo? Kí ló wà nínú òfìfo?" Fóònù tún ń dún. Ọ̀gá wa ni. Ara mi gbóná.

Ó wá tún ní bí mo ṣe fẹ́ kó nù ún tó. Ó lè nù ún lóréfèé, kó yára. Ó lè nù ún dénú, kó kọ òdo sórí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn á pẹ́. Èmi yìí, mi kì í ṣe iṣẹ́ ní ìdajì. Ìyá tó bí mi, bó bá fẹ́ fi ike ọṣẹ rọ epo, ìgbà mẹ́ta ló ń fọ̀ ọ́, tó tún ń sá a sóòrùn. Mo mú èyí tó máa nù ún dénú. Mo tẹ̀ ẹ́, mo dìde, mo lọ gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná.

Ibi tó máa ń dùn mí jù rèé. Mò ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ láti pálọ̀. Kẹ́-kẹ́-kẹ́. Mo gbọ́ ọ. Etí mi méjèèjì gbọ́ ọ. Mo dúró, mo fi ọ̀bẹ sórí pákó, mo tẹ́tí. Kẹ́-kẹ́-kẹ́. Mo ní, "Àbí ẹ ò rí nǹkan! Tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó ti ń dún! Kò sí ojúlówó mọ́ láyé yìí." Mo tún gbé ọ̀bẹ mi. Wákàtí mẹ́rin gbáko ni ó fi dún, tí mò ń ro ọbẹ̀, tí mò ń bá ọ̀gá mi jà nínú ọkàn mi, tí bàbá mi ń parẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ ní pálọ̀. Bí mo bá fa wáyà yẹn yọ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ìdajì ì bá kù. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin pàápàá ì bá kù.

Nígbà tó parí, mo ní ó yá, ká wá gbé àtijọ́ jáde. Mo fa dúrọ́ọ̀. Áńkáṣíìfù funfun ìyá mi ni mo rí, ó ti fi di nǹkan, ó ta á ní kókó. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi yìí náà!" Mo tú u.

Díìsìkì tó wà nínú ẹ̀ ń dán. Ọ̀rá tín-ínrín tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan tuntun ṣì wà lára rẹ̀.

Mo wò ó. Mo wo èyí tó wà lórí tábìlì. Èyí tó wà lórí tábìlì ní àpá kan lára níbi tó ti já bọ́ lọ́wọ́ mi nígbà kan. Mo ní, "Rárá." Mo so èyí tó ń dán mọ́ kọ̀ǹpútà, kò sí nǹkankan nínú ẹ̀ àyàfi pàǹtírí àwọn tó ṣe é. Mo so èkejì padà, òfìfo. Mo ké. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ mi, mo ń ké bí ọmọdé, mo ń pe bàbá mi, ọbẹ̀ sì jóná.

Nígbà tí ìyá mi dé, mo ti fọ ojú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Màámi, ta ló gbé àpótí bàbá sínú páálí?"

Inú rẹ̀ dùn pé mo rí i. Ó ń tú gèlè rẹ̀, ó ní, "Èmi ni o, lánàá. O kàn jù wọ́n sínú dúrọ́ọ̀ láàárín wáyà, ara wọn ń họ. Mo rí páálí tó dáa, tó ní tìmùtìmù nínú. Mo ní bàbá yín ló yẹ ibẹ̀. Tuntun tí kò tíì ní nǹkan nínú, ó lè sun inú áńkáṣíìfù." Ó gbóòórùn. "Kí ló ń jó?"

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí àbúrò bàbá mi dìde wá sí mi lẹ́nu. Gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo pa eyín pọ̀. Mo ní, "Ọbẹ̀ ni, mà. Ẹ ṣeun, mà."

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé díìsìkì náà lọ bá ọkùnrin kan ní McDonough tó máa ń bá èèyàn wá ohun tó sọnù nínú kọ̀ǹpútà. Ó bi mí bí mo ṣe nù ún. Mo sọ fún un. Ó ní ká ní mo nù ún lóréfèé ni, òun ì bá rí púpọ̀ yọ níbẹ̀. Ó ní èyí tí mo ṣe yìí, àwọn tó fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún ọlọ́pàá ló máa ń ṣe é. Ó tì í padà sọ́dọ̀ mi lórí káńtà, ó ní, "I'm sorry, ma'am." Mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù náà títí ojú mi fi gbẹ.

Nígbà tí mo dé ilé, ìyá mi ti wé gèlè. Tíì wà níwájú rẹ̀. Sátidé ni.

Mo purọ́. Mo ní kọ̀ǹpútà mi bàjẹ́, mo ti gbé e lọ fún àtúnṣe. Ó ní, "Ó mà ṣe o. Bàbá yín á dúró dè wá." Ó mu tíì rẹ̀. Ní Sátidé kejì, ó tún wé gèlè, mo ní wọn ò tíì ṣe é tán. Ní ìkẹta, kò wé e. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń wo ojú fèrèsé. Mo gba shift ní gbogbo Sátidé tó kù, kí n má baà sí nílé. Ọ̀gá mi rò pé mo ti yí padà.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó padà sílé, ó pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ti di ẹrù rẹ̀ tán. Ó ní, "O ṣáà ti da bàbá yín kọ sí tuntun?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Fún mi ní àtijọ́ nígbà náà. Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ní kọ̀ǹpútà, á máa bá mi ṣí i ní Sátidé." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbé e sínú páálí tó dáa yẹn, mo fún un. Ẹ gbọ́ èròkérò ọkàn mi: mo ní bó bá délé tí wọn ò rí nǹkankan nínú ẹ̀, màá sọ pé bàálù ló bà á jẹ́.

Ní pápákọ̀ òfurufú, a gba kẹ̀kẹ́ arọ fún un, torí orúnkún rẹ̀. Kò jẹ́ kí páálí náà bá ẹrù lọ. Orí itan rẹ̀ ló gbé e sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Obìnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ bi í tẹ̀rín-tẹ̀rín bóyá ẹ̀bùn ni. Ìyá mi fi òyìnbó dá a lóhùn. Ó ní, "My husband is inside. He is reading news for me."

Obìnrin náà wò mí. Mi ò lè gbà á mọ́. Mo ní kó dúró, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ìyá mi. Mo ní, "Màámi, kò sí nǹkankan nínú ẹ̀. Mo ti pa á rẹ́. Mi ò mọ̀ pé òun ni. Tuntun náà kò sí nǹkankan nínú ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti lọ."

Ó ní, "Èwo ló ti lọ?"

"Ìròyìn bàbá, mà. Mo fẹ́ nu tuntun ni, òun ni mo nù. Ẹ̀bi mi ni. Mi ò wò ó dáadáa."

Ó wo páálí náà. Ó yí i, ó wo àwòrán tó wà lára rẹ̀, ó ṣí i díẹ̀, ó fọwọ́ kan fóòmù inú ẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó yé e.

Ó ní, "Inú ibí yìí lo ti mú wọn."

"Màámi, ẹ̀bi mi ni."

"Ta ló gbé wọn síbẹ̀?"

Mo di irin kẹ̀kẹ́ náà mú.

"Mo ní, ta ló gbé wọn síbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, mà."

Ó mi orí. Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ní, "O bú àbúrò bàbá yín. O ní ó pa bàbá yín lẹ́ẹ̀kejì. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ." Ó gbé ojú sókè sí mi. "Ó yá, bú èmi náà."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Bú mi. Mi ò mọ̀ ni, bí òun náà ò ṣe mọ̀."

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pápákọ̀ náà, àwọn èèyàn ń fa ẹrù wọn gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Mo di orúnkún rẹ̀ mú, òsì àti ọ̀tún, mo fi orí lé páálí yẹn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Dìde, ayé ń wò wá. Bàálù ò ní dúró." Mo nawọ́ láti gba páálí náà, mo ní òfìfo ni, kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó yẹ ọwọ́ mi kúrò. Ó ní òun mọ̀, kí n fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ òun. Wọ́n tì í lọ, kò wẹ̀yìn.

Mo padà sínú mọ́tò. Mo wá nọ́ńbà àbúrò bàbá mi, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e kíákíá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ìyàwó wa ti wọ bàálù?" bí ẹni pé àná la sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe. Ẹkún ni mo sun sí wọn létí, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an, wọn ò sì gé fóònù mọ́ mi létí.